Bàbá Carter, Jẹjẹrẹ, àti Àwọn Ọdẹ Tí Wọ́n Ní Kí Wọ́n Lọ Sùn

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2015, bàbá ẹni 90 ọdún kan jókòó síwájú àwọn oníròyìn ní Carter Center, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Atlanta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì sọ pé jẹjẹrẹ ti dé inú ọpọlọ àwọn. Ààmì mẹ́rin ni ẹ̀rọ rí níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi mìlímítà 2. Ìyẹn ò tó wóró ọkà bàbà kan. Bàbá náà ni Jimmy Carter tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1977 sí 1981. Wọ́n ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ gbọ́, àwọn rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kù fún àwọn láyé, àmọ́ ọkàn àwọn balẹ̀ débi pé ó ya àwọn fúnra àwọn lẹ́nu.

Ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n tó papò dà, lẹ́ni 100 ọdún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mú nínú ìròyìn yìí ni pé oògùn tuntun kan wọ inú ara bàbá, ó bá jẹjẹrẹ jà, ó sì ṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí. Oògùn náà ò pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan ṣoṣo. Ara bàbá ni àwọn jagunjagun wà látilẹ̀wá. Wọ́n ti rí ọ̀tá náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dọdẹ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kó tó di pé ẹnì kan sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé apó wọn sílẹ̀ kí wọ́n lọ sùn. Ẹni tó sọ fún wọn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ wò dáadáa.

Oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni bàbá lọ sí Guyana láti bójú tó ìdìbò. Òtútù mú wọn níbẹ̀, wọ́n padà sílé kí iṣẹ́ tó parí. Nígbà tí àwọn dókítà ní Emory University wá yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, wọ́n rí kókó kan lára ẹ̀dọ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ni iṣẹ́ abẹ wáyé, wọ́n gé bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀dọ̀ náà dànù. Ẹbí Carter kì í ṣe ẹbí tó lè gbọ́ irú èyí kí àyà wọn má já. Bàbá tó bí Jimmy, Billy àbúrò wọn ọkùnrin, Ruth àti Gloria àbúrò wọn obìnrin, jẹjẹrẹ inú pancreas ló pa gbogbo wọn. Pancreas yìí, ẹ̀yà ara tó fara sin sẹ́yìn àpò oúnjẹ, ni àwọn dókítà ti ń ṣọ́ lára bàbá láti ọdún pípẹ́.

Àmọ́ nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, kì í ṣe ti pancreas, kì í sì í ṣe ti ẹ̀dọ̀ gan-an. Mẹlanómà ni. Èyí ni jẹjẹrẹ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń po aró tó ń fún awọ ara wa láwọ̀. Àwọn òyìnbó ló ń ṣe jù, torí oòrùn tètè máa ń jó awọ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé kì í ṣe aláwọ̀ dúdú o. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló máa ń bá wa sá pamọ́ sí. Òun ló pa Bob Marley lọ́dún 1981, lẹ́ni ọdún 36. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìlà dúdú kan lábẹ́ èékánná tó ń fẹ̀ sí i, tí nǹkan ò sì kọlù ú níbẹ̀, kó má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Mẹlanómà tó bá ti kúrò lára awọ dé ẹ̀dọ̀, tó tún ti ẹ̀dọ̀ dé ọpọlọ, oṣù mélòó kan ni àwọn dókítà máa ń kà fún ẹni tó bá ṣe kí ọdún 2011 tó dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá wà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ara lọ báyìí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ìṣòro tí jẹjẹrẹ dá sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ inú ara nìyí: ọmọ ilé ni. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì tó ti òde wá, kì í ṣe kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn gbé wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tiwa náà ni, orúkọ wa ló ń jẹ́, ó kàn pinnu pé òun ò ní dẹ́kun pínpín mọ́ ni. Báwo lọdẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọmọ onílé ti di olè?

Àtẹ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ara ló ní àtẹ kan níwájú ilé rẹ̀. Purotéènì yòówù tó bá ń sè nínú ilé, yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò sì bu díẹ̀díẹ̀ sórí àtẹ náà kí ẹni tó ń kọjá lọ rí i. Àwọn tó ń kọjá ni sẹ́ẹ̀lì T. Wọ́n ń rìn káàkiri inú ẹ̀jẹ̀ àti inú ẹran ara tọ̀sán-tòru, wọ́n ń dúró síwájú àtẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ọjà wò. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀, wọn a kọjá lọ. Bó bá ṣàjèjì, ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Sẹ́ẹ̀lì T yóò lẹ̀ mọ́ ara onílé náà gbágbágbá, yóò lu ihò sí i lára, yóò wá da èròjà kan sínú ihò ọ̀hún tí yóò mú kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀ láti inú. Lẹ́yìn náà yóò yọwọ́, yóò sì bọ́ sí ilé kejì. Ọdẹ ni mo ń pè wọ́n, ẹ má kà á sí ọ̀dẹ̀ o, wọn ò gọ̀ rárá.

Ara mẹlanómà gan-an ni iṣẹ́ àtẹ yìí ti hàn jù. Oòrùn tó ti ń jó awọ láti ìgbà ọmọdé máa ń ba àkọsílẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àṣìṣe yìí náà ló sọ sẹ́ẹ̀lì di jẹjẹrẹ, òun náà ló sì tún ń tú u fó, torí gbogbo purotéènì tí wọ́n kọ lódì ló ń jáde sórí àtẹ. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí èèyàn ń ṣe, díẹ̀ ló ní àjèjì ọjà tó bíi ti mẹlanómà. Sẹ́ẹ̀lì T máa ń rí i. Wọ́n máa ń wọlé tọ̀ ọ́.

Kí ló wá dé tí wọn kì í fi í ṣẹ́gun?

Ẹ wò ó, níbí ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T bá bẹ̀rẹ̀ ìjà, kì í dákẹ́ jà. Ó máa ń figbe ta, ó ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interferon-gamma síta, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ogun ti dé. Jẹjẹrẹ náà gbọ́ igbe yẹn. Ohun tó ṣe nígbà tó gbọ́ ni pé ó na ọwọ́ kan jáde lára rẹ̀, orúkọ ọwọ́ náà ni PD-L1. Lára sẹ́ẹ̀lì T, bíréèkì kan wà tó ń jẹ́ PD-1. Ọwọ́ náà bọ́ sórí bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́. Ọdẹ tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àdá fà sẹ́yìn, àárẹ̀ mú un, ó jókòó. Ẹni tí igbe rẹ̀ pe ogun jáde ni igbe rẹ̀ tún fi ohun ìjà lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Jẹjẹrẹ kọ́ ló dá ọwọ́ yìí sílẹ̀ o. Ohun rere ni nínú ara. Bí kò bá sí i, bí àìsàn bá ti lọ tán, àwọn ọdẹ ò ní mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣíwọ́. Wọn a máa lu onílé, wọn a máa lu àlejò. Sẹ́ẹ̀lì tó ní làákàyè máa ń na ọwọ́ yẹn láti sọ pé, "Ẹ ṣeun, ó tó, ogun ti tán." Jẹjẹrẹ jí àmì àlàáfíà yìí lò nígbà tí ogun ò tíì tán. Bí wọ́n bá fi máíkírósíkóòpù wo irú kókó bẹ́ẹ̀ nígbà míì, wọn a rí sẹ́ẹ̀lì T tó pọ̀ lọ jàra, tó tò sí etí rẹ̀ bí èrò tó dúró sẹ́nu géètì tí wọn ò ráyè wọlé, àwọn kan tiẹ̀ ti wọlé, wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni, wọn ò ṣe nǹkan kan.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Schreiber àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, ló fi eku hàn wá lọ́dún 2001 pé ara tí kò bá ní ọdẹ wọ̀nyí máa ń tètè ní kókó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti to ọ̀rọ̀ náà sí ìpele mẹ́ta: àwọn ọdẹ kọ́kọ́ ń pa jẹjẹrẹ kó tó gbérí; èyí tí wọn ò rí pa, wọ́n há a mọ́, kò kú, kò sì dàgbà; nígbà tó bá yá, èyí tó gbọ́n jù nínú àwọn tí wọ́n há mọ́ a bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìpele àárín yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà gbọ́, àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ ti Scotland. Lọ́dún 1998, wọ́n yọ kíndìnrín méjèèjì lára obìnrin kan tó kú níbẹ̀, wọ́n fi sára aláìsàn méjì. Àwọn méjèèjì ló ṣe mẹlanómà. Nígbà tí wọ́n wá inú ìwé, wọ́n rí i pé obìnrin tó kú náà ti ní mẹlanómà lọ́dún 16 ṣáájú, wọ́n ti gé e kúrò, wọ́n sì gbà pé ó ti sàn. Ara rẹ̀ há ìyókù mọ́ fún ọdún 16. Nígbà tí kíndìnrín bọ́ sára àwọn tó ń lo oògùn tó ń mú ọdẹ sùn, torí kí ara wọn má baà kọ ohun àlejò, ẹlẹ́wọ̀n jáde.

Mo mú ìtàn yẹn wọlé nítorí ìbéèrè kan tó máa ń wá sí mi lọ́kàn nípa Bàbá Carter. Ìgbà wo ni mẹlanómà yẹn bẹ̀rẹ̀ lára wọn? Ọmọ oko ẹ̀pà ni wọ́n ní Plains, ní Georgia. Ṣé ọdún tó ṣáájú ni, àbí wọ́n ti ń gbé e kiri látìgbà tí wọ́n ti wà ní White House, táwọn ọdẹ sì há a mọ́ láìsí ẹni tó mọ̀? Ìwé àyẹ̀wò kì í dáhùn irú èyí.

Orúkọ oògùn tí wọ́n lò ni pembrolizumab, Keytruda ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ẹni tó kọ́kọ́ rí PD-1 ni Tasuku Honjo ní Kyoto, nílẹ̀ Japan, lọ́dún 1992. James Allison ní Amẹ́ríkà ló ń ṣiṣẹ́ lórí bíréèkì mìíràn tó ń jẹ́ CTLA-4. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 2018 kan àwọn méjèèjì. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo pembrolizumab fún mẹlanómà. Ẹ kà á lọ́wọ́: kò tíì pé ọdún kan kí bàbá tó nílò rẹ̀. Ká ní ọdún 2010 ni òtútù Guyana yẹn mú wọn ni, ìròyìn mìíràn là bá máa kọ.

Purotéènì ni oògùn náà. Wọ́n á fi dírípù fà á sínú ẹ̀jẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30, ó tún di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ò ju ẹyọ kan lọ: ó lọ jókòó lé orí bíréèkì PD-1, kí ọwọ́ jẹjẹrẹ má rí ibi tẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún bàbá. Kì í ṣe bíi kẹmotẹ́rápì tó ń gé sẹ́ẹ̀lì rere mọ́ búburú, tí irun ń re, tí ẹnu ń bó. Wàhálà tirẹ̀ yàtọ̀. Ọdẹ tí wọ́n tú sílẹ̀ lè dojú kọ ìfun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹṣẹ́ tó wà lọ́fun (thyroid), nítorí bíréèkì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà ara rere náà.

Níbi tá a dé yìí, mi ò fẹ́ ká gbé adé lé oògùn yìí nìkan lórí. Ọ̀bẹ ti mú ti ẹ̀dọ̀ kúrò. Ọ̀sán ọjọ́ tí bàbá bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtànṣán dojú kọ ààmì mẹ́rin inú ọpọlọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ìtànṣán ló pa ti ọpọlọ, mi ò ní bá a jiyàn. Ibi tí mo ti rí ọwọ́ àwọn ọdẹ ni àwọn ibi tí ọ̀bẹ àti ìtànṣán ò dé. Mẹlanómà tó bá ti dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ, kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ló ń mọ. Wóró rẹ̀ ti fọ́n káàkiri, àwọn tí ẹ̀rọ ò tíì lè rí. Àwọn yẹn ló yẹ kó hù lóṣù díẹ̀ sí i. Wọn ò hù. Ìtànṣán sì tún ń ran ọdẹ lọ́wọ́ lọ́nà ẹ̀bùrú, torí sẹ́ẹ̀lì tó bá fọ́ máa ń da gbogbo ẹrù inú ilé rẹ̀ síta, ọdẹ tí kò tíì mọ ojú olè yóò wá kọ́ ọ níbẹ̀.

Èèyàn kan ò tó fi ṣe ẹ̀rí, ìyẹn náà òótọ́. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015 kan náà, àwọn 834 tó ní mẹlanómà ló kópa, bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta tó gba pembrolizumab ni kókó rẹ̀ sún kì dáadáa. Ẹ tún un kà. Ẹnì kan nínú mẹ́ta. Àwọn kan wà tí ọdẹ wọn ò mọ jẹjẹrẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá yọ bíréèkì lára ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní lọ síbì kan.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ ẹbí Carter máa ká mi lára. Ká ní jẹjẹrẹ tó pa bàbá wọn àtàwọn àbúrò wọn ló mú àwọn náà, oògùn yìí kan náà, dókítà yìí kan náà, Emory yìí kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òtúbáńtẹ́ ni. Jẹjẹrẹ inú pancreas ò ní àjèjì ọjà tó pọ̀ lórí àtẹ. Ó tún mọ odi yí ara rẹ̀ ká, ẹran ara líle bí àpá, tí sẹ́ẹ̀lì T ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ń pariwo pé wọ́n ti rí oògùn jẹjẹrẹ, ẹ bi í pé jẹjẹrẹ wo. Ẹ sì bi í pé èló. Nígbà tí Keytruda jáde, iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi 150,000 dọ́là lọ́dún.

Ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 2015, ọjọ́ Sunday, bàbá ń kọ́ kíláàsì Bíbélì ní ìjọ Maranatha Baptist ní Plains bí ìṣe wọn, wọ́n sì sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé àwòrán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà nínú ọpọlọ kò fi jẹjẹrẹ kankan hàn. Ilé pàtẹ́wọ́. Oṣù kẹta ọdún 2016 ni wọ́n dáwọ́ oògùn dúró. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀, torí oògùn ìfúnpá, bí o bá dá a dúró, ìfúnpá a padà. Àmọ́ ọdẹ tó ti mọ ojú olè kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì T máa ń wà nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń rántí. Ìṣubú ló wá ń dààmú bàbá lẹ́yìn náà. Lóṣù kẹwàá ọdún 2019, wọ́n ṣubú nílé, ojú abẹ́rẹ́ 14 ni wọ́n fi rán ọgbẹ́ ojú wọn, ojú wọ́n dúdú wú, síbẹ̀ wọ́n tún wọkọ̀ lọ sí Nashville láti lọ bá wọn kọ́ ilé fún aláìní. Ẹni ọdún 95 nígbà náà.

Ó ku ohun kan tí bàbá sọ lọ́jọ́ 20 oṣù kẹjọ yẹn, tó kàn wá ju bó ṣe kan àwọn ará Atlanta lọ. Wọ́n bi wọ́n ní ohun tó wù wọ́n kí wọ́n rí kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní ó wu àwọn kí sòbìà tó kẹ́yìn kú kí àwọn tó kú. Ẹ ṣáà mọ sòbìà, aràn tó ń bá omi mímu wọ ara èèyàn. Kí sòbìà tó degbò, Olúgáńbe là á ké sí, òwe tiwa ni. Lọ́dún 1986 tí Carter Center kó iṣẹ́ náà lé èjìká, bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lọ́dún kan, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù. Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn nílẹ̀ wa ṣe é lóṣù kọkànlá ọdún 2008 ní ìpínlẹ̀ Enugu; ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán.

Sòbìà náà mọ iṣẹ́ tí jẹjẹrẹ mọ̀. Bí ọdún kan ló fi ń gbé abẹ́ awọ èèyàn, tí yóò gùn tó mítà kan, tí ọdẹ inú ara ò ní figbe ta, àfi ọjọ́ tó bá wù ú láti jáde. Ẹni tó sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ara ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, kò sí oògùn tó ń pa á. Asẹ́ omi ni wọ́n fi lé e lọ, aṣọ sísẹ́ omi mímu lásán, àti àwọn tó ń rìn láti abúlé dé abúlé.

Lọ́dún tí bàbá kú, èèyàn 15 ni wọ́n kà ní gbogbo ayé.